Àdàlú, Ìdàpọ̀ àti Ìparapọ̀: Orúkọ Ohun tí Ó Ní Ẹ̀yà Púpọ̀ nínú Ìtàn Yorùbá

Bí a bá bi àgbàlagbà Yorùbá kan léèrè pé kí ni a ń pe ohun tí a fi ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe, kì í ṣe ìdáhùn ni yóò kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde bí kò ṣe ìbéèrè: báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Ṣé dídì ni wọ́n dì í, bí òṣùṣù ọwọ̀? Ṣé rírán ni wọ́n rán an, bí aṣọ òkè tí a hun ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kí aránṣọ tó so ó mọ́ra? Ṣé pípò ni wọ́n pò ó, bí amọ̀ tí a fi ń mọ ilé? Èdè wa kò ní orúkọ kan ṣoṣo tí ó kárí gbogbo wọn, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ ni ó fi ń sọ irú ohun bẹ́ẹ̀ lórúkọ. Àkójọ ni ohun tí a kó jọ, àgbájọ ni ohun tí a gbá jọ, àdìpọ̀ ni ohun tí a dì, àsopọ̀ ni ohun tí a so, àkànpọ̀ ni ohun tí gbẹ́nàgbẹ́nà kàn, àtòpọ̀ ni ohun tí a tò, àròpọ̀ ni iye tí a rò mọ́ iye. Ẹni tí ó bá ṣí ìwé atúmọ̀-èdè yóò rí i pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì tàbí mẹ́ta péré ni a fi túmọ̀ gbogbo wọn, ó sì lè rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n, pé ọ̀rọ̀ lásán ni Yorùbá fi ń ṣe ọ̀ṣọ́. Èrò náà kò tọ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àwọn orúkọ wọ̀nyí ti di ọ̀ràn ìlú rí, ó sì ti di ọ̀ràn ogun pẹ̀lú.

Ìdí ọ̀rọ̀ náà wà ní ìrù àwọn orúkọ wọ̀nyí. Mẹ́ta ni ìrù tí ó wọ́pọ̀ jù: jọ, pọ̀ àti lú. Ohun tí a kó jọ wà ní ojú kan náà, ṣùgbọ́n kò fara kan ara wọn ju bí ẹrù ọjà ti ń fara kan ara wọn lọ. Ohun tí ó wà pọ̀ ti sún mọ́ ara wọn, ó sì ní ìdè kan tí ó dì í mú. Ohun tí ó dàlú ti wọnú ara wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ náà kí ó wo ilé ìdáná. Nínú àdàlú, èyí tí í ṣe ẹ̀wà àti àgbàdo tí a sè nínú ìkòkò kan, ojú ṣì lè mọ ẹ̀wà yàtọ̀ sí àgbàdo, ọwọ́ sì lè ṣà wọ́n bí ó bá ní sùúrù; ṣùgbọ́n iyọ̀ àti epo tí ó wà nínú rẹ̀ kò ṣeé ṣà mọ́ láéláé. Nínú àgbo, egbò àti èèpo igi ṣì wà nísàlẹ̀ ìkòkò, ṣùgbọ́n agbára wọn ti lọ sínú omi. Òṣùṣù ọwọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: bí okùn rẹ̀ bá já, gbogbo ìgbálẹ̀ náà tún di ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kò sì sí èyí tí ó sọ ara rẹ̀ nù.

Ọ̀nà kan tún wà tí kò nílò ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Obì àbàtà kò ṣe é ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe hù. Odindi ni ó kọ́kọ́ jẹ́, lẹ́yìn náà ni a la àwẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kó àwẹ́ obì jọ láti fi ṣe obì. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wúlò yóò hàn níwájú.

Kò sí ìgbà tí àwọn Yorùbá nílò irú ọ̀rọ̀ báyìí tó ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ogun Òwu, ìṣubú Ọ̀yọ́ Ilé àti ìparun ìlú púpọ̀ ní igbó Ẹ̀gbá sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn di ìsáǹsá láàrin nǹkan bí ogún ọdún. Àwọn tí ó là á já kọ́ ìlú tuntun, irú èyí tí a kò rí tẹ́lẹ̀, tí àwọn ará ìlú púpọ̀ jọ ń gbé. Ohun tí gbogbo wọn ní láti pinnu ni bóyá àdàlú ni ìlú tuntun náà yóò jẹ́, tàbí òṣùṣù.

Àwọn Ẹ̀gbá yan òṣùṣù. Kí wọ́n tó dé abẹ́ Olúmọ, ìlú kéékèèké wọn lé ní ọgọ́rùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú olórí tirẹ̀ àti ilé Ògbóni tirẹ̀. Ẹ̀gbá Aláké, Òkè-Ọnà àti Gbágùrá ni ìpín mẹ́ta tí wọ́n pín sí. Ìgbà kan ṣoṣo tí ìtàn fi hàn pé gbogbo wọn ṣe ohun kan pọ̀ ṣáájú ìgbà náà ni ìgbà Lísàbi, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, nígbà tí wọ́n gba ara wọn lọ́wọ́ Ọ̀yọ́. Ọ̀nà tí Lísàbi gbà sì yẹ ní àkíyèsí. Kò dá ẹgbẹ́ ogun sílẹ̀ ní gbangba. Àáró ni ó dá sílẹ̀, iṣẹ́ oko tí àwọn ọkùnrin máa ń bá ara wọn ṣe ní àyípoyípo. Nínú àáró, ọwọ́ gbogbo ènìyàn pàdé ní oko ẹnìkan lónìí, ní oko ẹlòmíràn lọ́la, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí oko àwọn méjì di ọ̀kan. Lábẹ́ ìbòjú iṣẹ́ oko yìí ni wọ́n ti parí ète wọn, tí wọ́n sì pa àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́ tí ó wà láàrin wọn. Bí a bá rò ó dáadáa, àáró ni àwòrán gbogbo ohun tí Ẹ̀gbá ṣe lẹ́yìn náà.

Ní 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé Abẹ́òkúta. Nígbà tí wọ́n dé, wọn kò pín ilẹ̀ fún ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ó ti wù kí ó bọ́ sí i. Ìlú kọ̀ọ̀kan mú apá kan, ó sì fi orúkọ ìlú rẹ̀ tí ó ti parun sọ ibẹ̀: Aké, Ìjemọ̀, Ìkìjà, Ìgbẹ̀ìn, Kémta, Ìporò, Ìtokò àti ọ̀pọ̀ mìíràn. Ẹni tí ó bá ń rìn láti apá kan Abẹ́òkúta dé apá kejì ń rìn kọjá nínú àwọn ìlú tí ó ti di ahoro ní igbó Ẹ̀gbá. Ilé Ògbóni kò pọ̀ di ọ̀kan, oyè ogun kò pọ̀ di ọ̀kan. Nígbà tí àwọn Òwu dé ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn náà mú ibi tiwọn, wọ́n sì ń jẹ́ Òwu síbẹ̀. Ṣódẹkẹ́ fúnra rẹ̀ kò jẹ ọba. Olórí ogun ni ó jẹ́ títí ó fi kú ní 1845. Ó tó ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn tí wọ́n tẹ ìlú dó kí Òkúkẹnu tó jẹ Aláké, ní 1854, bí ó ti jẹ́ Aláké àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta. Oyè yìí pàápàá kò pa àwọn oyè yòókù rẹ́, nítorí pé Ọ̀ṣilẹ̀ ti Òkè-Ọnà, Àgùrá ti Gbágùrá àti Olówu ní ìtẹ́ tiwọn.

Ètò yìí máa ń sú àwọn òyìnbó àti àwọn Sàró tí ó kàwé. Ta ni kí ènìyàn bá sọ̀rọ̀ nínú ìlú tí ó ní olórí tó báyìí? Ní 1865 ni George William Johnson, télọ̀ kan tí ó ti Sàró dé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ìgbìmọ̀ ìjọba kan sílẹ̀, tí ó ń gba owó orí ẹrù tí ń jáde lọ sí Èkó, tí ó sì ń kọ ìwé sí gómìnà Èkó. Nínú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ìgbìmọ̀ náà ọ̀rọ̀ kan wà tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ ohun tí a ti sọ di ọ̀kan. Orúkọ náà dára lórí ìwé. Ní ojú ọ̀nà Aké àti ní ilé Ògbóni Ìkìjà, Ẹ̀gbá kò tíì di ọ̀kan. Wọ́n kàn jọ ń gbé ni. Ìgbìmọ̀ náà kò pẹ́ títí.

Ìbàdàn kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá díẹ̀ ni ó tẹ̀ ẹ́ dó ní nǹkan bí 1829, lẹ́yìn ogun Òwu, ṣùgbọ́n a kò rí i kí wọ́n tún ìlú àtijọ́ kọ́ síbẹ̀. Orúkọ ìlú ahoro kọ́ ni agbo ilé Ìbàdàn sábà máa ń jẹ́, orúkọ jagunjagun tí ó tẹ̀ ẹ́ dó ni. Ọkùnrin tí ó bá ti ibikíbi wá, bí ó bá lè jà, a so mọ́ ẹ̀yìn olórí ogun kan, a sì gòkè láti oyè dé oyè. Ilà ojú rẹ̀ nìkan ni ó kù tí ń sọ ibi tí a bí baba rẹ̀ sí. Àdàlú ni, ní ìtumọ̀ gangan: ẹni tí ojú rẹ̀ mọ́ ṣì lè mọ ẹ̀wà yàtọ̀ sí àgbàdo, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ kan náà ni ó ti wọ gbogbo wọn lára. Agbára tí irú ìlú bẹ́ẹ̀ ní hàn kíákíá, nítorí pé kò ní láti dúró de ìpàdé ọgọ́rùn-ún ilé Ògbóni kí ó tó jáde lọ jagun. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣẹ́gun ni ó fi dá ọ̀rọ̀ tí ó lágbára jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀, láìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ni parapọ̀.

Ó yẹ kí a tú u palẹ̀. Pa ara pọ̀ ni ó jẹ́ kí ó tó súnkì. Nínú àkópọ̀, ẹnìkan ní láti wà tí ó kó nǹkan. Nínú àdìpọ̀, ẹnìkan ni ó di ẹrù. Ohun tí a kó àti ohun tí a dì kò ní ẹnu ọ̀rọ̀. Nínú parapọ̀, ara tí ó pọ̀ ni ó pa ara rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí ń so àti ohun tí a so jẹ́ ọ̀kan. Àwọn ohun aláìlẹ́mìí kì í sábà parapọ̀. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé òkúta mẹ́ta parapọ̀ láti di àdògán. Ènìyàn ni ó ń parapọ̀, àti ìlú.

Ní 1878, ní Òkè-Mẹ̀sí, Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tí ó wà ní ìlú náà nítorí ìwà ìyànjẹ tí kò ṣeé fara dà mọ́. Ó mọ̀ pé Ìbàdàn yóò wá, ó sì ránṣẹ́ sí àwọn ìlú yòókù tí ó wà lábẹ́ àjàgà kan náà. Èkìtì kò ní ọba kan ṣoṣo nígbà kan rí. Ọba púpọ̀ ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dé adé, tí wọ́n sì máa ń bá ara wọn jà nígbà tí Ìbàdàn kò bá wọn jà. Ìjẹ̀ṣà yàtọ̀, Ìgbómìnà yàtọ̀, Àkókó yàtọ̀. Ẹgbẹ́ ogun tí wọ́n dá sílẹ̀ ni a pè ní Èkìtìparapọ̀. Bí orúkọ náà ti jẹ́ ti Èkìtì, ará Iléṣà ni olórí ogun wọn, Ògèdèǹgbé. Èyí fi hàn pé wọn kò bá ara wọn jìyàn nípa apá iṣáájú orúkọ náà, bóyá nítorí pé apá ìkẹyìn rẹ̀ ni ó jẹ wọ́n lógún. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó wà ní Èkó, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti Sàró dé, dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ kan náà, ọ̀nà tiwọn sì ni ìbọn ìgbàlódé gbà dé ojú ogun, àwọn ìbọn tí ìró wọn fún ogun náà ní orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí, Kírìjì.

Ààrẹ Látòósà tí ó kó Ìbàdàn jáde kú sí ibùdó ogun ní 1885, kò sì rí òpin rẹ̀. Ní 1886 ni a ṣe àdéhùn àlàáfíà, tí àwọn àlùfáà Samuel Johnson àti Charles Phillips jẹ́ ońṣẹ́ láàrin ibùdó méjèèjì. Ẹni tí ó bá ka àdéhùn náà, èyí tí Johnson kọ sínú ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, yóò rí ohun kan tí ó ṣe pàtàkì ju gbogbo àlàyé gírámà lọ. Kò sí ibì kankan tí a ti rí ọba Èkìtìparapọ̀, nítorí pé kò sí irú ọba bẹ́ẹ̀. Ọwá Iléṣà fọwọ́ sí i ní orúkọ tirẹ̀, Ọọ̀rẹ̀ Ọ̀tùn fọwọ́ sí i, Ajerò ti Ìjerò àti Olójùdó ti Ìdó náà fọwọ́ sí i. Ohun tí wọ́n bèèrè, tí wọ́n sì rí gbà, ni pé kí ìlú kọ̀ọ̀kan máa ṣe àkóso ara rẹ̀. Wọ́n parapọ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́jọ kí wọ́n lè padà jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn òǹkọ̀wé kan ti kà èyí sí àìlera, pé wọ́n ì bá ti sọ ara wọn di ìjọba kan ní ìgbà náà. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń bèèrè àdàlú lọ́wọ́ àwọn tí àdàlú ti jẹ níyà. Ìgbìmọ̀ àwọn ọba àgbà Èkìtì tí ó wáyé lẹ́yìn náà ń jẹ́ Pẹ̀lúpẹ̀lú, ẹni tí ó bá sì gbọ́ orúkọ náà gbọ́ "pẹ̀lú" nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ kejì nínú àkọlé yìí, ìdàpọ̀, ni ó ṣòro jù. Ìrù rẹ̀ ni pọ̀, bí ti àdìpọ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ni dà, bí ti àdàlú. Ìjọ Kristi ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ rere lẹ́nu wa, nítorí pé òun ni a fi ń pe ìbáṣepọ̀ àwọn onígbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ìdàpọ̀ kò sọ ohun tí a dà. Àgbàdo tí a dà pọ̀ mọ́ ẹ̀wà ṣeé ṣà. Omi tí a dà pọ̀ mọ́ omi kò ṣeé ṣà. Kò sì sọ ẹni tí ó dà á.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1914, Lugard da Nàìjíríà ti Àríwá àti ti Gúúsù pọ̀. Ìdàpọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ohun tí ó ṣe ní èdè Yorùbá, orúkọ náà sì bá a mu ju bí àwọn tí ó sọ ọ́ ti rò lọ. Kò sí ẹni tí ó parapọ̀ ní ọjọ́ náà. Ọwọ́ kan ni ó da ohun tí ó wà nínú igbá méjì sínú ọ̀kan, àríyànjiyàn tí ó sì ti wà láti ìgbà náà kò ju èyí lọ: ṣé ọkà ni tàbí omi?

Ọdún kan náà ni òmìnira Ẹ̀gbá parí. Láti 1893 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fọwọ́ sí ìwé pé Ẹ̀gbá dá dúró, láti 1898 ni wọ́n sì ti ní ìjọba tí àwọn ọba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó sí, tí Aláké ṣe olórí rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ìjọ́sí, èyí tí ń jẹ́ "tí a sọ di ọ̀kan," tún wà nínú orúkọ rẹ̀. Bí ìjọba náà ti ń lágbára, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn ilé Ògbóni kéékèèké ń dínkù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1914 àgbà kan kú sí àtìmọ́lé, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì jáde láti bèèrè pé kí akọ̀wé ìjọba fi ipò sílẹ̀. Sójà yìnbọn sí wọn, ọ̀pọ̀ sì kú. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, a fagi lé ìwé 1893, Abẹ́òkúta sì wọ inú Nàìjíríà bí ìlú yòókù. Ọ̀ràn Ìjemọ̀ ni ìtàn ń pè é. Ìjemọ̀ yìí kan náà ni ìlú tí ó gbé orúkọ rẹ̀ wá sí abẹ́ Olúmọ ní 1830, tí ó sì kọ̀ láti jẹ́ kí ó yọ́. Ní ọdún kẹrìnlélọ́gọ́rin, ẹyọ ìgbálẹ̀ náà ṣì wà ní ẹyọ, ó sì mọ ẹni tí í ṣe tirẹ̀.

Nígbà tí òfin 1954 pín agbára láàrin ẹkùn mẹ́ta àti ìjọba tí ó wà ní Èkó, a tún nílò orúkọ. Ìjọba Àpapọ̀ ni a yàn. Àpapọ̀ kò jìnnà sí parapọ̀. "Ara" nìkan ni ó sọnù láàrin wọn, òun náà sì ni ọ̀rọ̀ tí oníṣirò ń lò fún iye gbogbo owó tí ó ti ṣírò. Bóyá kò sí ẹni tí ó ro èyí nígbà tí a yan ọ̀rọ̀ náà.

Ó ku ti obì. Ní 1859, nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó kọ ọ́ sí orí rẹ̀ pé ti àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ni. Kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀ ní ìgbà náà; Ọ̀yọ́ ni púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn ń pè ní Yorùbá, Ẹ̀gbá sì jẹ́ ohun mìíràn, nítorí náà ni "àti" fi wà láàrin wọn. Ní 1945, ní Lọ́ńdọ̀nù, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ó kárí Ẹ̀gbá, Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti gbogbo àwọn yòókù, a sì ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1948. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nílẹ̀ tí wọn ì bá fi sọ ọ́ lórúkọ: àpapọ̀ wà, ìparapọ̀ wà, ìdàpọ̀ wà. Wọn kò mú ọ̀kankan nínú wọn. Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà ni wọ́n pè é, orúkọ tí kò ní dídà, dídì tàbí kíkó nínú, bí ẹni pé odindi ni ó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ó kàn jẹ́ pé a ti la àwẹ́ rẹ̀.